Ìrù Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kéékèèké ní Ẹnu Ààlà Kraké

Nínú ìwé yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ohun kan tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́, tí a kì í sì í dúró wò dáadáa. Ohun náà ni àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tó ní ìrù kan náà. Ohun tí a ń pè ní ìrù ọ̀rọ̀ níhìn-ín ni àwọn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Kraké wà ní ẹsẹ̀ ààlà. Ó wà lábẹ́ Sèmè-Podji, ní agbègbè Ouémé, níbi tí Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Porto-Novo ti jẹ́ olú-ìlú. Ọ̀nà ńlá tó ti Kùtọnu bọ̀, tó ń lọ sí Èkó, gba ibẹ̀ kọjá. Bí o bá dúró ní Kraké, tí o kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Faransé ni wọ́n kọ sára pátákó. Bí o bá kọjú sí ìlà-oòrùn, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nàgó tó wà ní apá ìhín àti Yorùbá tó wà ní apá ọ̀hún ń kí ara wọn, wọ́n sì ń yé ara wọn. Ẹnu wọn kò yàtọ̀ púpọ̀. Ìwé tí ojú wọn ń kà ni ó yàtọ̀.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé itòsí wa

Àgbádárìgì kò jìnnà sí Kraké. Ibẹ̀ ni àwọn oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù September 1842. Henry Townsend ti ìjọ CMS dé ní oṣù December ọdún kan náà. Ní 1843, ilé-ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní 1845, wọ́n kọ́ ilé alájà tó ṣì dúró níbẹ̀ títí di òní. Ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ akọ̀wé tàbí iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní láti mọ Gẹ̀ẹ́sì kà.

Àwọn Faransé náà kò sùn. Wọ́n bá ọba Àjàṣẹ́ ṣe àdéhùn ààbò ní 1863, wọ́n sì tún padà wá ní ọdún 1882 sí 1883. Ní ọjọ́ 10 oṣù August 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fa ìlà láàárín ara wọn. Ìlà náà tẹ̀ lé odò Àjàrá dé ibi tó lè tẹ̀ lé e dé. Wọn kò bi ẹni tó ń pa ẹja níbẹ̀ léèrè, wọn kò sì bi ẹni tó ń ná ọjà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa ìlà yẹn, wọ́n pín oko, wọ́n pín ẹbí, wọ́n sì pín ìwé. Ọmọ ìyá kan ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé, ọmọ ìyá kejì ń lọ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù August 1960, tí Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù October ọdún kan náà, ìlà náà kò parẹ́. Èdè méjèèjì dúró sí ọ́fíìsì.

Bí àwọn ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbà kọ́ ọmọdé ní ìwé láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n á mú ìrù kan, wọ́n á máa pààrọ̀ orí rẹ̀. Ẹ wo ìrù yìí: at. Bí a bá fi c sí iwájú rẹ̀, ó di cat, ìyẹn ológbò. Bí a bá fi r sí i, ó di rat, ìyẹn eku. Mat ni ẹní tí à ń tẹ́. Hat ni àkẹtẹ̀. Bat ni àdán. Fat ni ọ̀rá, tàbí ẹni tó sanra. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà, ṣùgbọ́n ológbò ti di ohun tí ológbò ń lé kiri.

Ohun tó jọ èyí wà nínú èdè tiwa, ṣùgbọ́n nínú tiwa, ohùn nìkan lè yí ìtumọ̀ padà. Ẹ wo ọkọ, tí í ṣe ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin. Ẹ wo ọkọ́, èyí tí à ń fi ro oko. Ẹ wo ọkọ̀, èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Kùtọnu. Ẹ wo ọ̀kọ̀, èyí tí ọdẹ ń gbé lọ sógun. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn ní. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ Nàgó láìfi àmì sí i dà bí ẹni tó ń kọ cat àti rat, tó wá nu lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn kúrò. Ẹni tó fẹ́ kà á yóò máa méfò ni.

Ìrù tuntun tí ẹnu wa fún wọn

Nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké wọnú èdè Yorùbá, wọn kò lè wọlé bí wọ́n ṣe wà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ̀lì ni ó máa ń parí rẹ̀. Ilé, oko, ọjà, omi, ọ̀nà, iyọ̀: ẹ tẹ́tí sí ìparí wọn. Bí a bá rí n ní ìparí, bí i nínú ọ̀sán tàbí ẹ̀fun, imú ni a fi ń pe fáwẹ̀lì náà, kì í ṣe pé kọ́ńsónáǹtì dúró níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa kì í gbé kọ́ńsónáǹtì méjì lé ara wọn lórí. Gb tí à ń kọ ní lẹ́tà méjì, ìró kan ṣoṣo ni lẹ́nu.

Nítorí náà, àwọn baba wa tún àwọn ọ̀rọ̀ àlejò náà ṣe. Wọ́n fún wọn ní ìrù fáwẹ̀lì. Bank di báńkì, tank di táńkì. Glass di gíláàsì, class di kíláàsì. Bread di búrẹ́dì, bed di bẹ́ẹ̀dì. Cup di kọ́ọ̀pù, drum tí à ń rọ epo sí di dúrọ́ọ̀mù. Book di búùkù, block tí à ń fi kọ́lé di búlọ́ọ̀kù.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé wọn kò kàn fi fáwẹ̀lì síbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Níbi tí ètè méjèèjì bá ti pa dé láti pe lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, bí i p, b tàbí m, ù ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e: kọ́ọ̀pù, ṣọ́ọ̀bù, fíìmù. Bí fáwẹ̀lì tó ṣáájú bá jẹ́ èyí tí à ń ká ètè pè, bí i o, ọ tàbí u, ù náà ni ó sábà máa ń wá lẹ́yìn k, l àti t: búùkù, bọ́ọ̀lù, kóòtù. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ì ni: báńkì, fáìlì, bíríkì. Kò sí olùkọ́ kan tó jókòó ṣe òfin yìí. Ìyá olóúnjẹ mọ̀ ọ́n, awakọ̀ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá mọ̀ ọ́n. Èyí fi hàn wá pé ẹni tí kò mọ̀wé kì í ṣe ẹni tí kò mọ èdè rẹ̀.

Ìrù mìíràn wà tó dára láti mẹ́nu bà. Wire di wáyà, tyre sì di táyà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń pe ìparí wọn bára mu, ní tiwa náà ó bára mu. Wọ́n kọjá ààlà pọ̀, wọn kò sì já ara wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tó gbẹ̀yìn owó

Ní ẹnu ààlà, ọ̀rọ̀ tó máa ń tètè yé ènìyàn ni ọ̀rọ̀ owó. Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń pèsè owó fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Pọ́n-ùn kan jẹ́ ogún ṣílè. Ṣílè kan jẹ́ pẹ́nì méjìlá. Láti inú owó yìí ni ẹnu àwọn oníṣòwò ti ṣe àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú. Pẹ́nì mẹ́ta di tọ́rọ́. Pẹ́nì mẹ́fà di sísì. Nítorí náà, sísì méjì jẹ́ ṣílè kan, tọ́rọ́ mẹ́rin jẹ́ ṣílè kan. Pẹ́nì tí wọ́n fi bàbà ṣe di kọ́bọ̀, nítorí pé copper ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù January 1973, Nàìjíríà pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Náírà kan rọ́pò ṣílè mẹ́wàá. Wọ́n pín náírà sí ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ọjà ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni ìjọba mú, tí ó sì kọ sára owó tuntun. Lónìí, kọ́bọ̀ kò lè ra ohunkóhun mọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń sọ pé, "N kò ní kọ́bọ̀." Owó kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kú.

Nígbà tí ìrù bá ń tan ni jẹ

Títí di ìsinsìnyí, a ti rí ìrù tó ń ran ni lọ́wọ́. Ó wá ku ìrù tó ń tan ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì lè ní ìrù kan náà nínú ìwé, kí wọ́n má sì bára mu lẹ́nu rárá. Ẹ wo ìrù ough. Though túmọ̀ sí "bó tilẹ̀ jẹ́ pé", ó sì dún bí dóò. Through ni kí nǹkan la ibì kan já, ó dún bí túrúù. Cough ni ikọ́, ó dún bí kọ́ọ̀fù. Rough ni ohun tí kò jọ̀lọ̀, ó dún bí rọ́ọ̀fù. Bough ni ẹ̀ka igi, ó dún bí báù. Ìrù kan, ohùn márùn-ún. Ẹ tún wo food, good àti blood. Èkíní ni oúnjẹ, èkejì ni ohun tó dára, ẹ̀kẹta ni ẹ̀jẹ̀. Wọn kò bára mu lẹ́nu.

Kí ló fà á? Ìtàn ló fà á. Ní àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe gh yẹn láti ọ̀nà ọ̀fun. Ní 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí dúró sójú kan nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnu kò dúró. Ẹnu ń yí padà láti ìran dé ìran, ìwé kò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣòro fún ọ láti kà, má ṣe rò pé orí rẹ ni kò pé. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń ṣe wàhálà lórí rẹ̀.

Fún àwa ará ẹnu ààlà, ìṣòro kan tún wà tí kò sí fún ará Londonu. Ọ̀rọ̀ kan lè wà nínú Gẹ̀ẹ́sì àti nínú Faransé pẹ̀lú lẹ́tà kan náà, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ mú ìrù ain. Bí a bá rí pain lára pátákó ní apá Faransé, búrẹ́dì ni. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, ìrora ni. Main ní Faransé ni ọwọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni. Ẹ tún wo chair: àga ni fún Gẹ̀ẹ́sì, ẹran ara ni fún Faransé. Ẹ wo four: mẹ́rin ni fún Gẹ̀ẹ́sì, ààrò búrẹ́dì ni fún Faransé.

Ọ̀rọ̀ coin ní ìtàn tirẹ̀. Fún Faransé, igun ilé ni. Fún Gẹ̀ẹ́sì, owó ẹyọ ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sì wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Nígbà náà, coin ni irin onígun tí wọ́n fi ń lu àmì sára owó. Faransé di igun rẹ̀ mú, Gẹ̀ẹ́sì di owó rẹ̀ mú. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa nìkan là ń yá ọ̀rọ̀ lò. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń yangàn lónìí ti yá ọ̀rọ̀ títí, kò sì kú.

Kódà ọ̀rọ̀ tó dún bákan náà lẹ́nu lè dá ìjà sílẹ̀. Bí ará Èkó bá sọ pé òun fẹ́ wọ mọ́tò, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ó ní lọ́kàn. Ẹni tó gbọ́ Faransé yóò rò pé alùpùpù ni, nítorí pé moto ni Faransé ń pe alùpùpù. Ẹni tó bá fẹ́ kó àpò ìrẹsì mẹ́wàá kọjá yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pátákó. Free ni ọ̀fẹ́, fee ni owó tí a ní láti san. Lẹ́tà kan ló wà láàárín wọn. Fine lè jẹ́ ohun tó dára, ó sì lè jẹ́ owó ìtanràn. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ gba ohun tí ẹlòmíràn bá kà fún un. Bí ẹlòmíràn náà bá jẹ́ olóòótọ́, ó dára. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, àpò ẹni tí kò mọ̀wé ni yóò sanwó rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwa yàn

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, wọn kò tẹ̀ lé ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti mú lẹ́rú rí, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní oṣù January 1875, ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Ìlànà tó jáde láti ibẹ̀ rọrùn: kí lẹ́tà kan máa dúró fún ìró kan. Láti inú rẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní apá tiwa, ọdún 1975 ni Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù November. Ọdún náà kan náà ni wọ́n ṣètò lẹ́tà fún àwọn èdè ilẹ̀ wa. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti ní 2008. Nínú ètò náà, ɛ ni a ń kọ níbi tí ará Nàìjíríà ń kọ ẹ, ɔ ni a ń kọ níbi tí wọ́n ń kọ ọ. Sh ni a ń lò níbi tí wọ́n ń lo ṣ, kp sì ni níbi tí wọ́n ń lo p. Ọjà àti ɔjà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó bá mọ èyí lè ka ìwé tí ẹbí rẹ̀ kọ láti Àgbádárìgì, ẹbí náà sì lè ka tirẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni èèyàn lè fi kọ́ ọ. Ìlà tí wọ́n fà ní 1889 le, ṣùgbọ́n kò le tó bẹ́ẹ̀ tí lẹ́tà mẹ́rin fi lè dí wa lọ́nà.

Ní oṣù August 2019, Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ pa fún ẹrù. Oṣù December 2020 ni ó tó ṣí Sèmè àti ààlà mẹ́ta mìíràn. Ọjà tú ní Kraké nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ti ààlà mọ́ ọ̀rọ̀. Báńkì, táyà àti kọ́bọ̀ ń kọjá láìsan owó ibodè.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń fi ìrù kún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àṣìṣe. Òfin èdè yín ni ẹ ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ tiyín nù nítorí ti àlejò. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà, bí súkúù tilẹ̀ dé. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá mọ Nàgó kà, tó mọ díẹ̀ nínú Faransé àti díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ní sí ọjà kan.

Ẹ dán an wò

1. Ẹ wá ọ̀rọ̀ márùn-ún tó wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé yín. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ìrù wo ni ó parí wọn, ì ni tàbí ù?
2. Nínú free àti fee, èwo ni a kò ní sanwó fún?
3. Tọ́rọ́ mélòó ni ó wà nínú ṣílè méjì?
4. Ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè orúkọ owó tí wọ́n ń ná nígbà èwe rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ fún yín, kí ẹ sì kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.